Filà Tó Ń Bèèrè Àlàáfíà

"Ẹ ya ẹnu yín dáadáa, Mama."

Mama Ògúnṣínà ya ẹnu. Mo tan tọ́ọ̀ṣì sí i, mo fi ìka gbé ahọ́n rẹ̀ sókè, nítorí abẹ́ ahọ́n ni àwọn olè eyín sábà máa ń fi wáyà kejì pamọ́ sí. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Mo wo ẹ̀yìn eyín òkè, mo wo ti ìsàlẹ̀, mo tẹ ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ lọ́tùn-ún lósì. Wáyà kan ṣoṣo ni mo rí, wáyà ìjọba, nọ́ńbà ara rẹ̀ sì bá ti inú ìwé mu. Inú mi ò dùn sí i. Ọdún mọ́kàndínlógún ni mo ti ń ṣe iṣẹ́ yìí, ẹni tí n kò bá rí nǹkan lẹ́nu rẹ̀ gan-an ni mo máa ń fura sí jù.

"Ṣé o rí ohun tó ò ń wá?" ni ó bi mí nígbà tí mo ní kí ó pa ẹnu dé.

"N kò tíì rí i, mà."

"Tóò. Bí o bá rí i, kó o fi han èmi náà."

Kò bínú. Ìyẹn náà tún kọ mí lóminú. Ẹni ọdún mẹ́rìnléláàádọ́rin tí wọ́n fi ọkọ̀ Ìgbìmọ̀ Eyín gbé wá láti ilé, tí wọ́n ti ní kó yọ gèlè, kó yọ yẹtí, kó bọ́ bàtà, tó sì jókòó wọ̀ọ̀ bí ẹni tó wá kí ọmọ rẹ̀ níbi iṣẹ́. Ìwé rẹ̀ sọ pé ó wa ọkọ̀ ojú irin fún ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Mo ní nínú ara mi pé ẹni tó ti fi ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n wa ọkọ̀ gba inú òkùnkùn kọjá, ó ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń mú ojú le. Kò sí àṣegbé, àṣepamọ́ ló wà.

Àwòrán ọpọlọ rẹ̀ wà lára ògiri lẹ́yìn mi. Òwúrọ̀ mẹ́ta ni filà tó ń ka ọpọlọ ti kọ ohun kan náà nípa rẹ̀. Ẹnu: kò sí ìrora. Ọpọlọ: ìrora ńlá. Ibi tí ọpọlọ fi ń mọ̀ pé eyín ń dunni pọ́n, ibi tó fi ń ṣe àníyàn ìrora náà tún pọ́n jù ú lọ.

Ọmọdé pàápàá mọ ìtumọ̀ ìyẹn nílùú wa. Láti ìgbà tí ẹ̀rọ ti lè ya ojú èèyàn, tó lè sín ohùn rẹ̀ jẹ, tó lè dá ìtẹ̀ka rẹ̀ ṣe, eyín nìkan ló kù tí ilẹ̀kùn gbà gbọ́. Èèyàn á dé ẹnu ọ̀nà ilé rẹ̀, á fi eyín tẹ rọ́bà tí à ń pè ní ahọ́n ilẹ̀kùn, ilẹ̀kùn á pe orúkọ rẹ̀, á ṣí. Bí eyín bá sì ń yẹ̀ bí ọjọ́ ṣe ń gorí ọjọ́, a ó fi wáyà fà á padà síbi tó wà nínú ìwé. Wáyà yẹn máa ń dunni. Wákàtí mélòó kan lẹ́yìn tí wọ́n bá fún un mọ́ eyín ni yóò bẹ̀rẹ̀, ọjọ́ kejì ni yóò le jù, tí yóò bá fi di ọjọ́ keje yóò ti rọlẹ̀. Ti olè eyín kì í rọlẹ̀, torí wáyà tó fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe nílé ló ń fún lójoojúmọ́, kí eyín rẹ̀ lè kúrò ní tirẹ̀, kó di ti ẹlòmíràn. Ìdí nìyẹn tí ẹnikẹ́ni tó bá ní wáyà lẹ́nu, àyàfi àwa òṣìṣẹ́ Ìgbìmọ̀, fi gbọ́dọ̀ dé filà láràárọ̀, kí ó sọ bí ó ṣe ń dun òun tó. Ẹni tó bá ń fi ìrora eyín pamọ́ fún Ìgbìmọ̀, wáyà mìíràn ló wà lẹ́nu rẹ̀. Bí òfin ṣe wí nìyẹn, èmi náà sì gbà á gbọ́.

Mo nídìí tí mo fi gbà á gbọ́. Olè eyín kan wọ ilé ìyá mi nígbà tí mo ṣì jẹ́ tuntun lẹ́nu iṣẹ́. Ó tẹ ahọ́n ilẹ̀kùn, ilẹ̀kùn fi orúkọ ìyá mi kí i káàbọ̀. Ẹrù tó kó lọ kò dùn wá tó bẹ́ẹ̀. Ohun tó dùn wá ni pé nígbà tí ìyá mi dé, ilẹ̀kùn ò ṣí fún un, ó ní òun ti wà nínú ilé. Obìnrin náà dúró síta ilé ara rẹ̀, ó ń bá ilẹ̀kùn jiyàn pé òun ni òun.

Nítorí náà, n kì í rò ó lẹ́ẹ̀mejì bí mo bá ń buwọ́ lu ìwé wọn. Ènìyàn mọ́kànlélógójì ni mo ti bu ọwọ́ lù, tí wọ́n pa ìwé eyín wọn dé, tí kò sí ilẹ̀kùn tó tún mọ̀ wọ́n, ti ilé, ti ọsibítù tàbí ti ṣọ́ọ̀bù. N kò kábàámọ̀ ẹnikẹ́ni nínú wọn, àfi bóyá Tíṣà Ládàpọ̀, nítorí òpópónà kan náà la jọ ń gbé. Ó ti lé lọ́dún kan tó ti ń sùn sí fàráńdà àbúrò rẹ̀, tó dojú kọ ilé tirẹ̀ gan-an. Bí mo bá ń kọjá, á kí mi tọ̀yàyà-tọ̀yàyà. Mo máa ń wo ojú rẹ̀ dáadáa bóyá ó ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́.

Aago mọ́kànlá kọjá díẹ̀ ni Ọ̀gá Atóyèbí wọlé. Òun ni alábòójútó tó ń ti olú-ìlú wá lu òǹtẹ̀ sí ìwé wa. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ òsì wú. Ó gbé ike ògì tútù dání, ó ń fi páìpù kékeré fà á mu.

"Wọ́n fún wáyà mi lánàá," ló fi apá ẹnu kan sọ kí n tó bèèrè. "Ṣijúadé, kí la ń dúró dè? Aago méjìlá ni filà ń fi gbogbo ohun tó bá kọ ránṣẹ́ sí olú-ìlú. Mo fẹ́ kí tìyí bá a lọ."

"N kò rí wáyà kejì, sà."

"O ò rí i, àbí o ò wá a?" Ó wo Mama, ó tún wo èmi náà bí ẹni pé wáyà ọ̀hún wà lápò mi. "Ọ̀rọ̀ yín ní ọ́fíìsì yìí ò yé mi mọ́. Ta ló mọ̀ bóyá ẹlòmíràn ló ń bá a dé filà nílé? Ẹ dé e fún un níbí, lójú mi."

Mo gbé filà. Mo gbọ́dọ̀ sọ òótọ́ kan níbí o: ní gbogbo ọdún tí mo ti ń ka ọpọlọ, n kò tíì jókòó ti ẹni tí filà ń bi léèrè láràárọ̀ rí. Inú yàrá wọn ni wọ́n ti máa ń dé e, ìwé nìkan ló ń dé ọ̀dọ̀ mi. Ẹnu: kò sí ìrora. Ọ̀rọ̀ tí ẹnu náà sọ gan-an, n kò gbọ́ ọ rí.

Mo dé filà fún Mama. Ohùn ọmọbìnrin kan jáde látinú rẹ̀, ohùn tútù bí ti ìyàwó ọ̀ṣìngín.

"Ẹ káàárọ̀, mà. Ṣé ara le?"

"Ara le, a dúpẹ́ o," ni Mama dáhùn. Ó tún ara ṣe lórí àga. "Ẹ̀yin náà ńkọ́? Ṣé ẹ jí dáadáa?"

"Mo ti gbà á sílẹ̀. Ó dàbọ̀."

Iná pupa tàn lórí tábìlì. Lára ògiri, ọpọlọ Mama pọ́n bí ojú tí ata bọ́ sí. Mama sì jókòó, ó ń dúró. Ó tó ìṣẹ́jú kan kó tó yé mi pé ìdáhùn filà ló ń dúró dè.

Ó pòṣé. "Ẹ wo nǹkan tí ẹ ní ẹ kọ́ ní ọ̀wọ̀. Mo kí i, kò dá mi lóhùn. Bó ṣe máa ń ṣe nílé náà nìyẹn. Á bi mí, á sì kẹ́rù rẹ̀ lọ."

"Ẹ gbọ́ o," ni Ọ̀gá Atóyèbí wí. "Ó ní ara òun le. Buwọ́ lu ìwé rẹ̀."

Mo fẹ́ buwọ́ lù ú. Ohun tó dá mi dúró kì í ṣe àánú. Mo kàn fẹ́ mọ irọ́ tó máa pa ni. "Mama, ṣé eyín ò dùn yín ni?"

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀? Láti ọjọ́ Sátidé ni n kò ti jẹ ohun tó le ju ẹ̀kọ lọ. Ó ń fà mí dé ìpàkọ́. Bí mo bá dùbúlẹ̀, mo ń ronú bí yóò ṣe rí lọ́la, ìrònú yẹn gan-an ń dùn mí ju eyín lọ."

"Kí ló dé tí ẹ ò sọ fún filà?"

Ó wò mí bí ẹni tó ń wo ọmọ tí wọn ò kọ́. "Ṣé ó dúró ni? Ó kí mi, mo jẹ́ ẹ. Ṣé ibi ìkíni ni kí n ti máa to àìsàn sílẹ̀ fún ẹni tí n kò mọ̀ rí? Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀, á jókòó. Á bèèrè ilé, á bèèrè ọmọ, á tún bèèrè ara lẹ́ẹ̀kejì. Ẹ̀ẹ̀kejì yẹn la ó ti wá bọ́ sórí eyín."

Ọ̀gá fẹ́ rẹ́rìn-ín, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ ò gbà fún un. "Ọgbọ́n àgbààgbà! Ta ni kì í mọ̀ bí wọ́n bá ń bi òun léèrè ọ̀rọ̀?"

Èmi náà rò pé ọgbọ́n ni. Ṣùgbọ́n ara mi ti ń sọ nǹkan mìíràn fún mi. Mo rántí pé kì í ṣe bí filà ṣe ń bèèrè tẹ́lẹ̀ nìyẹn. Tẹ́lẹ̀, "Ṣé eyín ń dùn ọ́?" ló ń sọ, láìkí ẹnikẹ́ni. Àwọn àgbà ló fẹjọ́ sun pé ẹ̀rọ ń rí wọn fín, ni Ìgbìmọ̀ bá ní kí wọ́n kọ́ ọ ní ẹ̀kọ́ ilé. Ìyẹn ò tíì ju ọdún méjì lọ. Mo fa àkọsílẹ̀ àwọn ènìyàn mi jáde, mo wo ọjọ́ wọn.

Ní ọdún mẹ́tàdínlógún àkọ́kọ́, mẹ́ta péré ni mo bu ọwọ́ lù, mo sì rí wáyà kejì lẹ́nu àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Méjìdínlógójì yòókù jẹ́ láàárín ọdún méjì yìí. N kò rí wáyà kejì lẹ́nu ẹnì kankan nínú wọn, kò sì sí ẹni tí kò tíì pé ọgọ́ta ọdún níbẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ kò sí níbẹ̀ rárá, torí ọ̀dọ́ ìwòyí, bí o bá ní ṣé ara le, á ní eyín ń pa òun jàre. Orúkọ tó ṣáájú nínú méjìdínlógójì ni Tíṣà Ládàpọ̀. Wọ́n tilẹ̀ fún mi ní àwo ẹ̀yẹ lọ́dún tó kọjá, wọ́n ní ojú mi mú. Ó wà lórí sẹ́ẹ̀fù níbẹ̀, ó ń wò mí.

Ẹ̀rù bà mí ju bí mo ṣe lè sọ lọ.

"Sà," ni mo wí, "òfin ní kí á dán filà wò lórí orí mìíràn kí á tó lu òǹtẹ̀."

"Dé e, kí á lọ."

"Orí mi ni mo máa ń lò, sà. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà lẹ sọ pé ọ̀rọ̀ wa ní ọ́fíìsì yìí ò yé yín mọ́."

Ó fura. Mo rí i lójú rẹ̀. Ó yí filà wò nínú, ó yí i wò lẹ́yìn, ó fi ìka ha á bí ẹni tó ń wá ẹ̀gún. Kò rí nǹkan kan, torí kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Ó dé e.

"Ẹ káàárọ̀, sà," ni filà wí. "Ẹ kú iṣẹ́ ìlú. Ṣé ara le?"

"A dúpẹ́, ara le," ni Ọ̀gá Atóyèbí dáhùn.

Ó ti jáde lẹ́nu rẹ̀ kí orí rẹ̀ tó dé ibẹ̀. Ó la ẹnu láti sọ òmíràn, filà ti ní, "Mo ti gbà á sílẹ̀." Iná pupa tàn. Ọpọlọ Ọ̀gá hàn lára ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti Mama, ó pọ́n jù ú lọ, torí ọjọ́ kejì rẹ̀ ló wà. Ohùn ọmọbìnrin náà ò yí padà. "Ẹnu àti ọpọlọ kò bára mu. Ẹ jọ̀ọ́, sà, ẹ má kúrò níbi tí ẹ wà." A gbọ́ tí ilẹ̀kùn ti ara rẹ̀.

Mama fi ọwọ́ bo ẹnu, ṣùgbọ́n èjìká rẹ̀ ń mì. "Ẹ pẹ̀lẹ́, sà," ló wí. "Kò dúró de ẹ̀yin náà."

Aago mọ́kànlá kọjá ogójì ìṣẹ́jú. Ọ̀gá bọ́ filà, ó jókòó tì mí, ó rẹ ohùn sílẹ̀. "O mọ̀ ọ́n ṣe. Ó dáa. Ìwọ nìkan lo lè pa ìdánwò rẹ́ kí aago méjìlá tó lù. Pa tèmi rẹ́, kí o pa ti Mama rẹ́ mọ́ ọn. Á lọ sílé rẹ̀ nísinsìnyí."

"Àwọn méjìdínlógójì ńkọ́, sà?"

"Orúkọ ta ló wà nísàlẹ̀ ìwé wọn?" Ó dúró kí ó wọ̀ mí lára. "Kì í ṣe tèmi. Òǹtẹ̀ lásán ni mo máa ń lù. Ìwọ lo ka ọpọlọ wọn. O sì mọ ohun tí òfin ń ṣe fún òǹkàwé tó bá ṣì í kà."

Mo mọ̀ ọ́n. Wọn á pa ìwé eyín tèmi náà dé títí ìwádìí yóò fi parí, ìwádìí Ìgbìmọ̀ kì í sì í tètè parí. Mo wo Mama. N kò mọ ohun tí mo fẹ́ kó sọ fún mi. Bóyá mo fẹ́ kó ní kí n gba ohun tí Ọ̀gá wí, kí ẹ̀bi rẹ̀ lè wà lọ́rùn rẹ̀.

"Mama, ẹ gbọ́ ohun tí wọ́n wí."

"Mo gbọ́ ọ. N kò ní í purọ́ fún ọ, ọmọ mi. Mo fẹ́ lọ sílé mi. Eyín ń dùn mí."

Ọwọ́ mi ti dé orí bọ́tìnnì. Àánú rẹ̀ ṣe mí débi pé omi lé sí mi lójú. Níbẹ̀ ni mo ti fura sí àánú náà. Ẹnì kan tó jókòó síwájú mi ni mo fẹ́ ṣàánú, torí mo ń wo ojú rẹ̀, ojú lọ̀rọ̀ wà. Àwọn yòókù ò sí níwájú mi, wọn ò sì sí níwájú mi lọ́jọ́ tí mo bu ọwọ́ lu ìwé wọn náà. Mo sì tún fura pé kì í ṣe Mama ni mo fẹ́ gbà sílẹ̀ bí kò ṣe ara mi. Ọdún mọ́kàndínlógún ni mo fi ń wá olè lẹ́nu àwọn èèyàn.

Mo gbé ọwọ́ kúrò lórí bọ́tìnnì. Mo fa pákó ìkọ̀wé sọ́dọ̀, mo kọ ọ́ sábẹ́ àwòrán méjèèjì pé: Ìbéèrè ló ní àṣìṣe, kì í ṣe àwọn tí a bi. Ẹ tún gbogbo àwọn tí mo bu ọwọ́ lù láti ìgbà tí ìbéèrè ti yí padà kà. Mo kọ orúkọ mi síbẹ̀. Ọ̀gá ń bẹ̀ mí, ó tún ń halẹ̀ mọ́ mi, ó tún ń bẹ̀ mí. Mo gbé ọwọ́ méjèèjì lé itan títí aago méjìlá fi lù.

Kò pẹ́ tí olú-ìlú fi pe Ọ̀gá. Gbogbo ọ́fíìsì ló gbọ́ ohùn rẹ̀. "Ìkíni ni mo jẹ́! Kì í ṣe ẹjọ́ ni mo rò! Ta ni wọ́n máa kí tí kò ní í jẹ́?" Ó fi apá ẹnu kan ṣàlàyé, ó fi bú wọn, ó sì fi bẹ̀ wọ́n. Òun tó ní kí n buwọ́ lu ìwé ló wá di agbẹjọ́rò gbogbo wọn, kò sì sí èyí tí n bá sọ tó lè dára tó tirẹ̀. Nígbà tó fi máa di aago méjì, àṣẹ ti dé. Wọ́n ní kí Mama máa lọ sílé. Wọ́n ní kí wọ́n ṣí ìwé àwọn yòókù lọ́kọ̀ọ̀kan bí wọ́n ṣe tò wọ́n, láti orí ẹni àkọ́kọ́. Orúkọ tí wọ́n ní kí wọ́n pa ìwé tirẹ̀ dé lọ́sàn-án ọjọ́ náà, èmi ni.

Ìròlẹ́ ti ń lọ nígbà tí mo dé òpópónà wa. Tíṣà Ládàpọ̀ jókòó sí fàráńdà àbúrò rẹ̀, ó ń ka ìwé ìròyìn àtijọ́. Mo dúró níwájú rẹ̀, mo kúnlẹ̀.

"Ẹ lọ wo ilẹ̀kùn yín, sà," ni mo wí.

Ó wò mí pẹ́. Òun náà ní ẹ̀tọ́ láti fura. Lẹ́yìn náà ó dìde, ó kọjá sódì kejì, ó bẹ̀rẹ̀, ó fi eyín tẹ ahọ́n ilẹ̀kùn rẹ̀. Mo gbọ́ tí ilẹ̀kùn pe orúkọ rẹ̀. Ó wọlé. Ó pẹ́ níbẹ̀, n kò sì mọ ohun tó ń ṣe.

Mo rìn dé ilé mi, mo fi eyín tẹ ahọ́n ilẹ̀kùn. Ó dákẹ́. Mo tún un tẹ̀. N kò bá a jiyàn bí ìyá mi ṣe ṣe. Mo jókòó sórí àtẹ̀gùn, mo gbé àpò mi lé itan, àwo ẹ̀yẹ mi wà nínú rẹ̀.

Bàtà Tíṣà ni mo kọ́kọ́ rí. Ó ti ilé rẹ̀ gbé àga kékeré kan wá.

"Ṣijúadé, ṣé kò sí?"

"A dúpẹ́, sà," ni mo dáhùn. "Kò sí nǹkan kan."

Ó gbé àga kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó jókòó. Ó bèèrè ìyá mi. Ó bèèrè ọmọ mi tó wà ní Ìlọrin. Ó bèèrè bí oòrùn ọ̀sán ṣe rí lójú ọ̀nà. Nígbà tó ṣe, ó yíjú sí mi, ó tún bi mí lẹ́ẹ̀kejì bóyá ara mi le. Ìgbà náà ni mo tó bú sẹ́kún.